Yamaha R3 fún eré ìje: ibi tó yẹ kí owó yín lọ, àti ibi tí kò yẹ kó dé

Ẹni tó ra Yamaha YZF-R3 kó lè fi wọ ìdíje tí gbogbo èèyàn ti ń gun irú alùpùpù kan náà, tó wá jẹ́ pé sàlẹ́ńsà olówó gọbọi ló kọ́kọ́ lọ rà, ti da owó sómi. Nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀, òfin ti so ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Wọ́n á fi èdìdì sí i lára, kọ̀ǹpútà tó ń darí epo àti iná rẹ̀ á jẹ́ irú kan náà fún gbogbo èèyàn, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì máa pèsè tayà. Ohun tó kù tó lè ya alùpùpù kan sọ́tọ̀ sí èkejì ò ju sókì, bíréèkì, bí ara ṣe jókòó lé e, eyín sípírókẹ́ẹ̀tì (irin eléyín tí ṣéènì ń yí lórí rẹ̀), àti ọwọ́ ẹni tó di àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí la máa fi wọn R3 níbí, torí àwọn náà ni pápá máa fi wọ̀n ọ́n.

Ká má fi falẹ̀: R3 wà lára àwọn alùpùpù tó dáa jù láti fi bẹ̀rẹ̀ eré ìje. Àmọ́ bó ṣe ń ti ilé ìtajà jáde, iwájú rẹ̀ rọ̀ jù, bíréèkì rẹ̀ ò sì lè fara da ìyà ogún ìṣẹ́jú lórí pápá. Àléébù méjèèjì ló ṣeé tún ṣe, owó tó sì máa ná yín ò tó ti sàlẹ́ńsà yẹn.

Ọdún 2015 ni R3 jáde, dọ́là 4,990 ni wọ́n sì ń tà á ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ onípísítìnì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, 321 cc, omi ló sì ń tù ú. Ihò písítìnì fẹ̀ tó mílímítà 68, ìrìn písítìnì lókè sódò jẹ́ 44.1. Ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì á ti gbọ́ ohun tí nọ́ńbà méjèèjì ń sọ: ihò fẹ̀, ìrìn kúrú, eré ló fẹ́. Nǹkan bí agbára ẹṣin 42 ló ní, ìgbà tó bá sì ń yí ní ìgbà 10,750 láàárín ìṣẹ́jú kan ló ń mú un jáde tán. 12,500 ni ojú pupa, ìyẹn ibi tí kò yẹ kó yí kọjá. Pẹ̀lú epo àti gbogbo omi inú rẹ̀, kílò 169 ló wọ̀n.

Ní 2019 ni wọ́n yí fọ́ọ̀kì iwájú padà, ìyẹn irin méjì tó di tayà iwájú mú, tí sókì wà nínú wọn. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀ jẹ́ oní mílímítà 41 tí wọn ò dorí rẹ̀ kodò. Ti ilé iṣẹ́ KYB, oní mílímítà 37, tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fi kúlọ́ọ̀ṣì tó máa ń yọ̀ díẹ̀ nígbà téèyàn bá ń já gíyà wálẹ̀ sí i. Ìyípadà méjì yìí ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó fẹ́ gbé e lọ sí pápá, a ṣì máa padà sórí wọn.

Ìdíje àgbáyé Supersport 300, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ti fi ohun tí R3 lè ṣe hàn. Òun ni Marc García fi gba ife ọdún àkọ́kọ́, òun ni Álvaro Díaz fi gba ti 2022, òun náà ni Aldi Satya Mahendra, ọmọ Indonesia, fi gba ti 2024. Àmọ́ Kawasaki Ninja 400 àti KTM wà nínú ìdíje yẹn, torí náà àwọn aláṣẹ ní láti máa fi òpin sí iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan lè yí, kí wọ́n sì máa wo ìwọ̀n kílò, kí gbogbo wọn lè dọ́gba. Yamaha R3 bLU cRU European Cup ò ní irú wàhálà yẹn. Ọdún 2021 ló bẹ̀rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ WorldSBK (ìdíje àgbáyé Superbike), ó sì di World Cup ní 2024. R3 ni gbogbo wọn ń gùn. Bí ẹnì kan bá já yín sílẹ̀ níbi tó gùn gbọọrọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bó ṣe jáde nínú kọ́nà tó ṣáájú ló fi ṣe é.

Ìwé òfin ìdíje kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra. Ẹ ka tiyín kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, kẹ́ ẹ sì fi èyí sọ́kàn: nínú ìdíje irú-kan, ohun tí ìwé ò bá sọ pé ẹ lè yí, ẹ gbà pé ẹ ò lè yí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò pé ohun tí ìwé ò bá kà léèwọ̀ ti di ẹ̀tọ́ wọn. Ẹ̀yìn ìdíje ni wọ́n máa ń mọ̀, nígbà tí wọ́n bá ti fagi lé èsì wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì kúrò nílẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọ́ìlì tuntun, fítà ọ́ìlì tuntun, fítà afẹ́fẹ́ tó mọ́, plọ́ọ̀gì tuntun, ó parí. Ọ́ìlì 10W-40 tí wọ́n kọ JASO MA2 sí lára ni kẹ́ ẹ lò, torí inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà ni kúlọ́ọ̀ṣì ti ń ṣiṣẹ́. Ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n po èròjà ìdín-ìfarakanra mọ́ máa ń jẹ́ kí kúlọ́ọ̀ṣì yọ̀: ẹ́ńjìnnì á máa ké, alùpùpù ò ní lọ. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ fítà, nǹkan bíi lítà 2.1 ló máa gbà. Ẹ má rọ ọ́ kọjá àmì tó ga jù, torí ọ́ìlì tó bá pọ̀ jù máa gba họ́ọ̀sì èémí lọ sínú àpótí afẹ́fẹ́. Ẹ so ìgò kan mọ́ ẹnu họ́ọ̀sì yẹn kó lè gba ohun tó bá tú jáde. Ọ̀pọ̀ ìwé òfin ló sọ ọ́ di dandan.

Tó bá jẹ́ àlòkù tó jáde ní 2015 tàbí 2016 lẹ fẹ́ rà, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti gbé e lọ fún àtúnṣe tí Yamaha pe àwọn alùpùpù ọdún méjèèjì padà fún. Pọ́ǹpù ọ́ìlì àti apá kan nínú kúlọ́ọ̀ṣì lọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ mú nọ́ńbà ara férémù, kẹ́ ẹ fi wádìí lọ́dọ̀ oníṣòwò Yamaha. Pọ́ǹpù ọ́ìlì kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ṣe tẹ́tẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 12,000.

Títú rẹ̀ palẹ̀ kì í pẹ́. Iná iwájú àti ti ẹ̀yìn, gílásì ìwẹ̀yìn, tíráfíkétọ̀, ibi tí nọ́ńbà ń wà, họ́ọ̀nù, ìtẹsẹ̀ ẹni ẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ ló máa kúrò. Ibi tó ti máa ń dá àwọn èèyàn dúró ni sítáńdì ẹ̀gbẹ́. Súìṣì kan wà níbẹ̀ tó máa ń pa ẹ́ńjìnnì bí sítáńdì bá wà nílẹ̀ téèyàn sì ki gíyà. Bẹ́ ẹ bá tú sítáńdì láìṣe nǹkan kan sí súìṣì, alùpùpù á tan, àmọ́ kété tẹ́ ẹ bá ki gíyà, á kú. Lójú súìṣì yìí, sítáńdì tó wà lókè túmọ̀ sí pé wáyà méjì kanra, nítorí náà, ẹ so wáyà méjèèjì pọ̀, ẹ jó o pẹ̀lú òjé, kẹ́ ẹ sì fi rọ́bà tó ń sún kì bí iná bá kàn án bò ó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ́ ọ pọ̀ lásán kó sì fi téèpù wé e, torí ìgbọ̀nrìrì á tú u láàárín eré. Súìṣì tó ń pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí alùpùpù bá ṣubú ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tó wà, kó sì kọjú síbi tó kọjú sí.

Omi rédíétọ̀ náà gbọ́dọ̀ yí padà. Kúláǹtì tó bá ní glycol nínú kì í tètè gbẹ bó bá dà sílẹ̀, ó sì ń yọ̀ bí ọṣẹ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ pápá fi kà á léèwọ̀. Ẹ tú u dànù, ẹ fi omi lásán fọ inú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ máa jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná nígbà kọ̀ọ̀kan kí ẹnu ọ̀nà omi (thermostat) lè ṣí, torí bí kò bá ṣí, èyí tó kù nínú ẹ́ńjìnnì ò ní jáde. Lẹ́yìn náà, omi tí wọ́n ti sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀ ni kẹ́ ẹ rọ, pẹ̀lú èròjà tí kò ní glycol tó ń dènà ìpẹtà. Omi ẹ̀rọ lásán máa ń fi funfun sínú ihò rédíétọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Chicago, ẹ fetí sí èyí: omi yìí máa di yìnyín nígbà òtútù, á sì la ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ tí ìdíje ọdún náà bá parí ni kẹ́ ẹ tú u dànù, kí ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Bíréèkì la wá débí. Dísìkì kan ṣoṣo oní mílímítà 298 ló wà níwájú, pẹ̀lú kálípà onípísítìnì méjì tó ń fún páàdì mọ́ ọn. Ó tó, ó tó dáadáa fún kílò 169. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi dísìkì kejì sí i kò mọ ohun tó ń sọ. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni ohun tó wà láàárín ọwọ́ yín àti dísìkì náà: họ́ọ̀sì rọ́bà, omi bíréèkì, àti páàdì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ní róńdì kẹta tàbí ìkẹrin, ọwọ́ bíréèkì á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ju ti tẹ́lẹ̀. Ní ìkẹfà, á ti fẹ́ kan ọwọ́ ìdarí. Páàdì ti gbóná, ó ti gbé ooru fún písítìnì kálípà, omi bíréèkì ti hó, ìhó sì jẹ́ afẹ́fẹ́. Omi kì í sún kì, afẹ́fẹ́ ń sún kì, ìyẹn ni ọwọ́ ṣe ń wọlé. Ìlànà DOT 4 sọ pé omi bíréèkì tuntun ò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C, àmọ́ bó bá ti fa ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ mu, 155°C ni wọ́n ń bi í. Omi tó ti lo ọdún méjì nínú alùpùpù àlòkù ti fa ọ̀rinrin mu tipẹ́. Ẹ ra DOT 4 tí wọ́n ṣe fún eré ìje, inú ìgò kékeré, kẹ́ ẹ da ìyókù nù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣí i. DOT 5.1 náà dáa. DOT 5 lásán ni kẹ́ ẹ sá fún: orúkọ wọn jọra, àmọ́ sílíkóònù ni, kò sì bá ìyókù pò.

Ẹ fi họ́ọ̀sì tí wọ́n fi irin hun lára rọ́pò ti rọ́bà. Rọ́bà máa ń wú bó bá gbóná, díẹ̀ lára agbára ìka yín á sì lọ sínú wíwú yẹn. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń yọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó lágídí jù kì í sí ní kálípà, òkè ló ń fara pamọ́ sí, níbi bóòtì tó so họ́ọ̀sì mọ́ pọ́ǹpù ọwọ́. Ẹ tú bóòtì yẹn ní ìdámẹ́rin ìyípo, pẹ̀lú àkísà lábẹ́ rẹ̀, nígbà tí ẹnì kan bá tẹ ọwọ́ bíréèkì. Ẹ dì í padà kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi okùn so ọwọ́ bíréèkì mọ́ ọwọ́ ìdarí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí èyí tó bá kù lè gòkè lọ sínú ago. Omi yìí máa ń jẹ ọ̀dà, torí náà ẹ fi omi fọ ibi tó bá ta sí kíákíá.

Páàdì tuntun kì í ṣiṣẹ́ bí wọn ò bá mọ́ dísìkì lára. Ẹ fi eré dé ibi kan, ẹ fún bíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí eré á fi dín kù dáadáa, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ tún un ṣe ní ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí agbára ìka máa le sí i nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má dúró pátápátá kẹ́ ẹ sì di bíréèkì mú nígbà tó bá gbóná, torí páàdì á tẹ àmì ara rẹ̀ sójú kan lára dísìkì, ìgbọ̀nrìrì tó máa tẹ̀ lé e ò sì ní lọ mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní dísìkì ló ti wọ́, wọ́n á lọ ra tuntun. Dísìkì ò wọ́; àmì yẹn ni.

Ti sókì ló le jù, ibẹ̀ náà ni R3 ti máa ń san owó yín padà jù. Sípíríǹgì tí wọ́n fi sí i ní ilé iṣẹ́ wà fún ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, tó ń gba orí ihò títì kọjá. Bí ẹ bá fún bíréèkì le lórí pápá, iwájú á rì tán, tayà iwájú á gba gbogbo ẹrù lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní sí àyè kankan mọ́ fún gegele tó bá wà nínú kọ́nà. Ìrìn fọ́ọ̀kì iwájú kò ju mílímítà 130 lọ, ti ẹ̀yìn jẹ́ 125. Fọ́ọ̀kì tó bá ti rì dé ìsàlẹ̀ ti di pákó lásán, tayà ló sì máa jìyà rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wọn bí alùpùpù ṣe ń jókòó, ìyẹn bí sókì ṣe ń rì tó nígbà tí ẹni tó máa gùn ún bá wà lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun. Èèyàn mẹ́ta ló gbà. Lára fọ́ọ̀kì tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, irin dídán wà nísàlẹ̀, láàárín etí síìlì àti ibi tí ẹsẹ̀ tó di ásù tayà mú bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé iwájú sókè títí tayà á fi kúrò nílẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ wọn gígùn irin dídán yẹn. Ẹ jẹ́ ká ní mílímítà 138 ni. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Kí ẹni tó máa gùn ún wọ gbogbo aṣọ eré rẹ̀, akoto, bàtà, ìbọ̀wọ́, kó gun orí rẹ̀, kó sì tẹ̀ ba bó ṣe máa ń ṣe níbi tó gùn gbọọrọ, àyà lórí táǹkì. Ẹnì kan á di alùpùpù mú látẹ̀yìn, ẹnì kẹta á wọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ tẹ iwájú mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó rọra gòkè fúnra rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀. Ẹ wá gbé e sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó rọra sọ̀kalẹ̀, ẹ tún kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà méjèèjì ò ní bára mu, torí síìlì ń fa irin sẹ́yìn; àárín wọn ni ká mú. Bó bá jẹ́ 104, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 138: mílímítà 34 ni iwájú fi jókòó. 30 sí 35 níwájú àti 25 sí 30 lẹ́yìn ni ibi tó dáa láti bẹ̀rẹ̀ lórí pápá.

Lẹ́yìn, ìpele méje tí wọ́n fi ń fún sípíríǹgì wà lára sókì tó bá a wá, ó sì ń tó fún ẹni tí kò sanra. Iwájú kò ní nǹkan kan téèyàn lè yí lóde. Bí ìwé òfin bá gbà, ẹ ra sípíríǹgì tó bá ìwọ̀n kílò ẹni tó máa gùn ún mu, kẹ́ ẹ sì yí ọ́ìlì inú fọ́ọ̀kì; owó rẹ̀ ò pọ̀, àǹfààní rẹ̀ sì ń hàn ní róńdì àkọ́kọ́. Bí òfin bá fàyè gba gbogbo inú fọ́ọ̀kì, Öhlins àti Andreani ń ṣe èyí tó wọnú fọ́ọ̀kì R3 láìgbẹ́ ohunkóhun. Èyí tó bá wọ́n nínú rẹ̀ kì í ṣe fún ọdún àkọ́kọ́. Ẹni tí kò tíì lè fún bíréèkì síbì kan náà ní róńdì mẹ́wàá léra kò ní mọ ìyàtọ̀ tí yíyí skúrúù sókì díẹ̀ mú wá.

Okùn ike kékeré tí àwọn oníná fi ń di wáyà ló máa sọ ìyókù fún yín. Ẹ so ó mọ́ irin dídán fọ́ọ̀kì, ẹ tì í lọ kan síìlì kẹ́ ẹ tó wọ pápá. Ibi tó bá wà nígbà tẹ́ ẹ bá padà dé ni ibi tí fọ́ọ̀kì rì dé. Bó bá ku nǹkan bíi mílímítà mẹ́wàá sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó dáa. Bó bá ti lọ kanlẹ̀, sípíríǹgì ti rọ̀ jù tàbí kí ọ́ìlì kéré. Bó bá ku ogójì, ó le jù, ẹ sì ń jẹ́ kí tayà iwájú fò lórí gegele. Nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ yí lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá yí iwájú, ẹ̀yìn àti afẹ́fẹ́ tayà pa pọ̀ kò ní mọ èyí tó ràn án lọ́wọ́.

Ìtẹsẹ̀ tó bá R3 wá ti lọ sílẹ̀ jù, ó máa ń fọwọ́ kan ilẹ̀ kí tayà tó parí agbára rẹ̀. Bó bá le, ó lè gbé tayà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀. Ẹ fi èyí tó ga tó sì sún sẹ́yìn rọ́pò rẹ̀, èyí tí ìta rẹ̀ rí roboto, kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n ń ta ìtẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀, torí ohun tó máa kọ́kọ́ kán nìyẹn nígbà tẹ́ ẹ bá ṣubú. Ẹ gbé méjì pamọ́ sínú àpótí, pẹ̀lú ọwọ́ bíréèkì kan, ọwọ́ kúlọ́ọ̀ṣì kan àti ọwọ́ gíyà kan. Bẹ́ ẹ bá yí ọwọ́ ìdarí padà, ẹ yí i dé òpin lápá ọ̀tún àti òsì, kẹ́ ẹ wò ó pé àyè mílímítà 30 wà láàárín rẹ̀ àti táǹkì, kí ó má há àtàǹpàkò.

Gíyà: eyín 14 níwájú, 43 lẹ́yìn, ṣéènì 520 ló bá a wá. Ẹ pín 43 sí 14, ẹ máa rí 3.07. Bẹ́ ẹ bá fi 45 sẹ́yìn, ó di 3.21, ìyẹn ni pé agbára tó ń jáde nínú kọ́nà á fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, eré tó ga jù á sì fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Ibi tó gùn jù lórí pápá ni kẹ́ ẹ fi pinnu. Ní òpin rẹ̀, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa sún mọ́ 12,500 nínú gíyà kẹfà, kó má tíì kàn án. Bó bá kàn án kẹ́ ẹ tó fún bíréèkì, eyín ẹ̀yìn ti pọ̀ jù. Bí kò bá kọjá 11,000, ó kéré. Ẹ ra 43, 44, 45 àti 46 papọ̀, kò wọ́n. Ṣéènì tó le jù léwu ju èyí tó rọ̀ díẹ̀ lọ: ó máa ń fa béárìn ibi tí gíábọ́ọ̀sì ti jáde, kì í sì í jẹ́ kí sókì ẹ̀yìn rìn. Ìgbà tí ẹnì kan bá wà lórí alùpùpù ni kẹ́ ẹ wo bó ṣe le tó.

R3 tó jáde ṣáájú 2025 ò ní kúlọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀, torí náà bẹ́ ẹ bá já gíyà méjì wálẹ̀ kíákíá, tayà ẹ̀yìn á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Kì í ṣe sókì ló bàjẹ́. Ẹ fa epo díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń já gíyà, kẹ́ ẹ sì rọra jọ̀wọ́ kúlọ́ọ̀ṣì.

Ní ti tayà, ẹ má yí ìwọ̀n rẹ̀: 110/70 níwájú, 140/70 lẹ́yìn, íńṣì 17. Fífẹ̀ ríìmù ẹ̀yìn jẹ́ íńṣì 4, tayà 150 tàbí 160 máa ká wọnú lórí rẹ̀, etí tó yẹ kó kan ilẹ̀ nínú kọ́nà ò ní kan án dáadáa. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ẹni tó pèsè tayà ni kẹ́ ẹ bi, kẹ́ ẹ sì máa wọ̀n ọ́n nígbà tó bá gbóná.

Iṣẹ́ tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ ṣe, tó sì máa ń lé wọn padà níbi àyẹ̀wò, ni wáyà. Bóòtì tí wọ́n fi ń tú ọ́ìlì, ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ sí, fítà ọ́ìlì, àti àwọn bóòtì kálípà, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ ní wáyà onírin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so wọ́n mọ́ nǹkan tí kì í yí. Wáyà oní mílímítà 0.8, ihò oní mílímítà 1.5. Ẹ tú bóòtì náà kúrò, ẹ dì í mú nínú fáìsì, ẹ fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu ojú ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lu, kí dírílì má bàa yọ̀. Ọ́ìlì díẹ̀, dírílì tó rọra ń yí. Ẹni tó bá kánjú máa kán ẹnu dírílì sínú bóòtì. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti di bóòtì náà bó ṣe yẹ, ẹ ki wáyà, ẹ lọ́ apá méjèèjì pọ̀, bí ìlọ́po mẹ́ta sínú sẹ̀ǹtímítà kan, títí á fi dé ibi ìsomọ́. Apá tó yẹ kó fà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì. Ẹ fojú inú wò ó pé bóòtì ń tú: bó ṣe ń tú, ṣé wáyà ń le sí i ni, àbí ó ń rọ̀? Bó bá ń rọ̀, ẹ gé e, kẹ́ ẹ tún un ṣe, torí ohun ọ̀ṣọ́ lásán lẹ so mọ́ ọn. Fítà ọ́ìlì ní tiẹ̀ ò ní ibi téèyàn lè lu. Kílípù họ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ fi há a lára, kẹ́ ẹ wá so wáyà mọ́ skúrúù kílípù náà.

Ẹ fi ìbòrí líle bo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì méjèèjì. GB Racing ń ṣe ti R3. Bí alùpùpù bá fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ lójú pápá, ìdérí tó bá a wá máa lu, ọ́ìlì á dà sójú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n á sì dá eré gbogbo èèyàn dúró. Àwo abẹ́ ẹ́ńjìnnì tó wà lára fáíbà eré (ìbòrí tó máa ń bo ara alùpùpù eré ìje) náà gbọ́dọ̀ lè gba ó kéré tán ìdajì gbogbo ọ́ìlì àti omi tó wà nínú ẹ́ńjìnnì. Ihò oní mílímítà 25 tó wà níwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní dídí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbà tí wọ́n bá kéde pé òjò ti sọ eré di eré inú omi nìkan ni wọ́n ń ṣí i. Ẹ tún fi ìdáàbòbò ọwọ́ bíréèkì sí i, àti ike ẹlẹ́nu mímú sí abẹ́ ibi tí ṣéènì ti ń wọnú sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, kí ìka ẹni tó ṣubú má bàa há síbẹ̀. Fáíbà olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń nílò fáìlì àti sùúrù, torí ihò rẹ̀ kì í bá ti férémù mu. Ẹ so ó mọ́ra láìdi ohunkóhun kẹ́ ẹ tó lu ihò tuntun kankan.

Bí owó ò bá pọ̀, omi bíréèkì, páàdì àti họ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ yẹ. Wáyà, ìbòrí ẹ́ńjìnnì àti fáíbà tẹ̀ lé e, torí láìsí wọn ẹ ò lè wọ pápá. Lẹ́yìn náà sípíríǹgì iwájú, lẹ́yìn rẹ̀ ìtẹsẹ̀ àti sípírókẹ́ẹ̀tì. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra tayà àti wákàtí lórí pápá. Ẹ má lé ọdún 2025 kiri nítorí kúlọ́ọ̀ṣì nìkan. Èyí tó jáde láàárín 2019 sí 2024, tí wọn ò tíì fi ṣubú rí, tàbí tó ṣubú àmọ́ tí férémù rẹ̀ gún, ni ojúlówó ọjà. Èyí tó ṣáájú 2019 náà lè sáré, kìkì kí ìwé òfin yín ṣì gbà á, torí ìdíje kan lè sọ pé fọ́ọ̀kì gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti 2019 sókè.

Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lórí pápá, kí alùpùpù tutù, kẹ́ ẹ tú àwo abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo inú rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ fọwọ́ kan gbogbo bóòtì kálípà, ásù méjèèjì, àti nọ́ọ̀tì sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ fi súpánà oníwọ̀n tún wọn dì ní ìwọ̀n tí ìwé alùpùpù sọ, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara ohun tó dì. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ ò nílò súpánà kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé nọ́ọ̀tì kan ti yí. Ìlà tó bá ti já máa sọ fún yín.